Ó-Ti-Lọ, Alágbàfọ̀ Tó Ń Tọ́jú Èérí

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tó jẹ́ alágbàfọ̀, kò fẹ́ràn èérí. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa yòókù a máa gbà fún un díẹ̀. Bí ọbẹ̀ bá ta sí wa láṣọ, a ó fọwọ́ bò ó, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ń kí èèyàn, ọrùn aṣọ ẹni náà ló ń wò. Nígbà tí ọkọ aládùúgbò wa kan kú, tí gbogbo wa lọ bá a kẹ́dùn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi di ọwọ́ opó náà mú, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tù yín nínú." Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé epo ló wà létí ọwọ́ aṣọ yín yẹn àbí tàdáwà? Bó bá jẹ́ tàdáwà, ẹ tètè gbé e wá." Obìnrin náà gbé e wá. Ó ní nínú gbogbo ẹni tó wá kí òun, alágbàfọ̀ nìkan ló ṣe ohun tó wúlò.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ yàrá gígùn kan ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Táìlì funfun ló wà nílẹ̀, ó sì máa ń nù ún bí oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá ti jáde, nígbà mìíràn kí oníbàárà tó parí ọ̀rọ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Tábìlì tó ti ń lọ aṣọ wà láàárín. Lábẹ́ fèrèsé ni ìyàwó rẹ̀ ń jókòó sí, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Òun ló ń tún bọ́tìnnì tó já àti ìṣẹ́tí tó tú ṣe. Màmá ni mò ń pè é. Ẹ̀yìn Màmá ni páìpù omi ìdọ̀tí gbà jáde sínú gọ́tà, gọ́tà náà sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú òkun. Téèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, yóò rí òkun náà, ó tẹ́ rẹrẹ, ó ń dán, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá ti rẹ àbàwọ́n kan, tó fi ìka pa á, tó fọ̀ ọ́, tó gbé aṣọ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, tí kò sì rí nǹkan kan mọ́, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Ó ti lọ." Kì í pariwo rẹ̀. Ohùn tí dókítà fi ń sọ fún ẹbí aláìsàn pé iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere ló fi ń sọ ọ́. Ó sọ ọ́ títí àwọn ọmọ àdúgbò fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó-Ti-Lọ. Àwọn àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀, òun pẹ̀lú sì ń jẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí pé ibo ni àbàwọ́n náà lọ.

Àwọn oníbàárà tó fi ń yangàn jù ni Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Etíkun. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun, wọ́n á ṣa ọ̀rá àti ìgò oníke tí omi gbé wá, wọ́n á kó o sínú àpò ńlá, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú àpò náà, wọ́n á sì máa lọ sílé. Jákẹ́ẹ̀tì òtútù aláwọ̀ búlúù ni gbogbo wọn ń wọ̀, ó rọ̀ múlọ́múlọ́ bí irun ọmọ ológbò. Ìgò oníke tí wọ́n yọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀: ÌGÒ NI MÍ TẸ́LẸ̀. Alága ẹgbẹ́ náà, obìnrin gíga kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì, kì í bọ́ tirẹ̀, kódà bí oòrùn bá mú tó ń jó èèyàn lórí. Ó ní àpẹẹrẹ ni òun ń fi lélẹ̀. Òógùn ló máa ń fi lélẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Iyanrìn etíkun a máa há sínú irun jákẹ́ẹ̀tì yìí. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti kúrò létí òkun, ọ̀dọ̀ Ó-Ti-Lọ ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ wá tààrà. Òun náà á kó o sínú ẹ̀rọ, á da ọṣẹ sí i, á tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ á máa yí i, á máa nà án mọ́ra, irun ara rẹ̀ á sì máa re díẹ̀díẹ̀, fọ́nrán tó tín-ín-rín ju irun ìpéǹpéjú lọ. Fọ́nrán náà á bá omi gba inú páìpù, á gba gọ́tà, á dé òkun. Ẹgbẹ́ á kó ike kúrò nínú òkun láàárọ̀, ike á padà sínú òkun lọ́sàn-án, àfi pé ó ti kéré débi pé kò sẹ́ni tó lè ṣà á mọ́. Bó bá di Sátidé mìíràn, wọ́n á tún padà lọ. Mo gbóríyìn fún wọn. Èèyàn mélòó ló ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀?

Nígbà yẹn ṣá o, kò sí ìkankan nínú wa tó mọ̀. Gbogbo ohun tí Ó-Ti-Lọ mọ̀ ni pé jákẹ́ẹ̀tì wọlé pẹ̀lú iyanrìn, ó sì jáde láìsí iyanrìn.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì tí wọ́n ṣí sí òdìkejì òpópónà. Alágbàfọ̀ ni àwọn náà, ṣùgbọ́n wọn kì í pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Ilé Ìtọ́jú Aṣọ ni wọ́n kọ sára gíláàsì. Ẹ̀rọ wọn máa ń kọrin bó bá parí iṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà wa fi ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì títì kọjá, wọ́n á máa wojú ọ̀run bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè gba ṣọ́ọ̀bù Ó-Ti-Lọ là ni òtẹ́ẹ̀lì orí òkè, tó ń wá ẹni tí yóò máa fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì náà sì ti là á mọ́lẹ̀: ẹni tó bá ní pátákó Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Etíkun, èyí tó ń sọ pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í ba òkun jẹ́, òun ni òun máa gbé iṣẹ́ fún. Bí Ó-Ti-Lọ kò bá rí iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì yìí gbà, yóò tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, yóò sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ìlú mìíràn, níbi tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń fi ọwọ́ tó kún fún jáàmù búrẹ́dì gbá ògiri mú. Ó ti lọ kí wọn rí. Ó fi gbogbo ìsinmi rẹ̀ nu ògiri.

"Mo máa kú síbẹ̀ ni," ló wí fún Màmá.

"Ẹ ò ní kú," ni Màmá dá a lóhùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ẹ máa kọ́kọ́ nù ún tán ná."

Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba pátákó gbọ́dọ̀ fi asẹ́ sí páìpù ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀, kí asẹ́ náà máa mú fọ́nrán ike kó má baà dé òkun. Ó-Ti-Lọ lọ ra asẹ́. Ó dà bí ife ńlá kan tó ní àwọ̀n wẹ́wẹ́ nínú. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ páìpù, ó nu ìta rẹ̀, ó sì nu ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, torí pé ẹni tó bá wo asẹ́ máa wo ògiri náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa wá yẹ ṣọ́ọ̀bù wò, Alága ló ṣáájú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń pariwo sí fóònù bí ẹni pé fóònù náà dití. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bíi mélòó kan wọlé lẹ́yìn wọn, gbogbo wọn nínú jákẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ káàbọ̀. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ tutù díẹ̀."

"Ìgbà wo ni ilẹ̀ yín kì í tutù, Bàbá?" ni Alága béèrè.

"Mo ń nù ún ni, mà."

Akọ̀wé bọ́ síwájú tábìlì, ó ka ọ̀rọ̀ jáde nínú fóònù rẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá fọ aṣọ tí wọ́n fi ike ṣe, fọ́nrán rẹ̀ ń já bọ́ sínú omi. Ó ní ojú lásán kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, pé ẹja ń gbé e mì, àwa náà sì ń jẹ ẹja.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan nawọ́. "Irú aṣọ wo gan-an ni wọ́n ń fi ike ṣe?"

Akọ̀wé wo yàrá náà yíká, ó ń wá àpẹẹrẹ. Ó wo àwọn jákẹ́ẹ̀tì búlúù lápá ọ̀tún, ó wo àwọn jákẹ́ẹ̀tì búlúù lápá òsì. "Àwọn aṣọ kan báyìí," ló dáhùn. Gbogbo wọ́n mi orí. Ó hàn pé àwọn aṣọ kan báyìí burú jáì.

"Ó yá, Bàbá, ẹ ṣí i ká rí i," ni Alága wí.

Ó-Ti-Lọ tú asẹ́ náà, ó fa àwọ̀n inú rẹ̀ yọ. Irun búlúù kún inú rẹ̀, ó tutù, ó dì pọ̀ bí ológbò tó já sínú odò. Gbogbo wọn ní, "Háà!" Wọ́n ya fọ́tò. Alága gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ẹ wò ó! Gbogbo èyí ì bá ti wọ inú òkun."

Ó-Ti-Lọ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú èérí lọ́wọ́, níwájú àlejò, nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Èyí ni kò lè fara dà. Ó yí padà, ó lọ sídìí bésìn, ó ṣí omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọ̀n náà. Ó fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó ń fi ìka pa á bó ṣe máa ń pa ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, omi búlúù náà yí po nínú bésìn, ó sì wọ ihò lọ. Nígbà tó mọ́, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ó ti lọ," ló wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Alága fọwọ́ ara rẹ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri lókè káńtà, ó sì gbé pátákó kọ́ ọ. Ike ni wọ́n fi ṣe pátákó náà, ó ń dán gbinrin. ṢỌ́Ọ̀BÙ YÌÍ Ń DÁÀBÒ BO ÒKUN. Akọ̀wé ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n kí ara wọn kú iṣẹ́, wọ́n lọ. Ó-Ti-Lọ nu ibi tí wọ́n tẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń rọra kọrin, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ ibi tó máa to aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì sí.

Láti ìgbà tí omi bésìn ti ń ṣàn ni Màmá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Olówó orí mi," ló pè é. Bó bá pè é báyìí, ẹni tó bá gbọ́n máa ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

"Kí ló dé?"

"Kò sí o. Mo kàn fẹ́ béèrè ni. Omi bésìn yẹn, ibo ló ń gbà?"

"Inú páìpù."

"Páìpù ńkọ́?"

"Inú gọ́tà. Ṣé ìwọ náà fẹ́ fún mi ní pátákó ni?"

"Gọ́tà ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo bésìn. "Ó ń lọ," ló wí.

"Ó ń lọ síbo?"

Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, síbi tí òkun ti ń dán.

"Ẹ ṣeun," ni Màmá wí. "Ẹ fi asẹ́ dá a dúró níbí, ẹ wá fọwọ́ ara yín sìn ín dé ọ̀nà lọ́hùn-ún. Ẹ kú ìtọ́jú àlejò."

Ó-Ti-Lọ jáde láìbọ́ ápúrọ́ọ̀nù. Mo tẹ̀ lé e. Ó ń wo inú gọ́tà bó ti ń lọ, bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ já bọ́ síbẹ̀, títí a fi dé ibi tí gọ́tà ti já sórí iyanrìn. Irin ni wọ́n fi ṣe ọgbà sẹ́nu rẹ̀ kí ìdọ̀tí ńlá má baà kọjá. Irun búlúù so rọ̀ lára àwọn irin náà bí irùngbọ̀n. Nísàlẹ̀, níbi tí omi òkun dé kó tó padà sẹ́yìn, ilà búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba orí iyanrìn lọ, ipasẹ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti lọ ṣa ìgò.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì mú díẹ̀, ó yí i wò. Ó mọ aṣọ tó bá ti fọ̀ rí. Ọkùnrin tó ti ń sọ pé ó ti lọ láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi, òun ló wá bá a níbẹ̀ yìí. Èérí náà kò lọ síbì kankan. Ó ń dúró dè é.

Láti ọjọ́ náà, kò fọ asẹ́ sínú bésìn mọ́. Ṣíbí ló fi ń ha irun náà kúrò. Ṣùgbọ́n níbo ni kó dà á sí? Ó kọ́kọ́ dà á sí garawa ìdọ̀tí. Ọkọ̀ ìdọ̀tí gbé e, ó sì lọ dà á sí ààtàn tó wà lẹ́yìn etíkun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń mú ohun tó bá fúyẹ́ padà sórí omi. Ó gbìyànjú láti sun díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Èéfín dúdú bo àwọn aṣọ funfun tó sá, ó sì di dandan kó tún gbogbo wọn fọ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Níkẹyìn, ó wá ìgò gíláàsì ẹlẹ́nu gbàgàdà kan, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó kó èérí náà sínú rẹ̀, ó dé e, ó sì gbé e sórí káńtà.

"Níbẹ̀?" ni Màmá béèrè. "Lójú gbogbo ayé?"

"Ibi tí mo ti lè máa rí i ni. Mi ò gbọ́kàn lé e mọ́."

Bó ṣe di pé ọkùnrin tó mọ́ jù ládùúgbò wa ń tọ́jú èérí nìyẹn. Ó ń nu ìgò náà láràárọ̀. Ó ń yí i kí ìdérí rẹ̀ má baà yẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, á ní, "Jákẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ni," á sì ṣàlàyé. Ìgò náà ń kún sí i. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Alága. Ó wọlé wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òun àti máníjà òtẹ́ẹ̀lì ti jọ ní àdéhùn láti wá wo ṣọ́ọ̀bù náà.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Jákẹ́ẹ̀tì yín ni, mà. Díẹ̀ nínú rẹ̀."

"Lábẹ́ pátákó wa?"

"Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, máníjà ń bọ̀ báyìí. Bó bá rí i, á rò pé àwa gan-an là ń ba òkun jẹ́."

Ó-Ti-Lọ jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Ó nu ìdérí ìgò náà. Màmá wúkọ́.

"Ẹ tètè kó o kúrò," ni Alága wí.

"Kí n kó o lọ síbo, mà?"

"Ohun kékeré yìí náà? Ẹ ò lè fi omi ṣàn án dànù ni?"

Ẹ̀rọ kan ń gbọ̀n nínú igun. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi wo bésìn, tó wo pátákó, tó wá wo òkè gba ojú fèrèsé, níbi tí òtẹ́ẹ̀lì wà. Mo mọ̀ pé ó ń rí ògiri àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ níwájú, gbogbo rẹ̀ jáàmù.

"Mi ò lè ṣe é mọ́, mà," ló wí. "Mo ti mọ ibi tó ń lọ."

"Ẹ mú ọ̀kan nígbà náà. Ìgò yẹn tàbí pátákó wa."

Ó gun àpótí, ó yọ pátákó náà lórí ìṣó. Eruku díẹ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó nù ún kó tó nà án sí Alága, torí pé kò lè gbé ohun tó léruku lé èèyàn lọ́wọ́.

Ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ló gba aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì, àti pátákó. Ó yẹ wọ́n. Kò sí ìgbà téèyàn máa dé ibẹ̀ tí asẹ́ wọn kò ní mọ́ tónítóní. Wọ́n ń ṣàn án dáadáa.

Ó-Ti-Lọ kò tíì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ta ẹ̀rọ ìfọṣọ kan, Màmá sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kejì sí àyè rẹ̀, torí pé iṣẹ́ àtúnṣe ló ń wọlé jù báyìí. Alágbàfọ̀ wo ló tún kù tó ń dá aṣọ padà fún oníbàárà? Á gbé ṣẹ́ẹ̀tì sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á ní, "Èyí kò dọ̀tí. Ẹ lọ sá a sí atẹ́gùn. Ẹ gbé bọ́tìnnì yẹn fún ìyàwó mi." Àwọn kan bínú lọ. Àwọn mìíràn ń padà wá, opó aládùúgbò wa ló ṣáájú wọn. Bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bá ṣì ṣí lónìí, Màmá ló ń jẹ́ kó ṣí, kì í sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbàgbé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Alága wọlé wá, òun nìkan. Ó ti wo òpópónà lọ́tùn-ún àti lósì kó tó wọlé. Ọ̀dà dúdú tí omi òkun gbé wá ti yí i ní jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó ń kọrin sì ti kọrin lé e lórí títí, kò kúrò.

Ó-Ti-Lọ kò gbé jákẹ́ẹ̀tì náà dé ìdí ẹ̀rọ. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi òróró díẹ̀ rẹ ibi ọ̀dà náà, ó fi àkísà òwú rọra ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí ọ̀dà fi bọ́ sára àkísà. Lẹ́yìn náà ló na jákẹ́ẹ̀tì sí i.

"Ẹ ò ní fọ̀ ọ́?"

"Kò dọ̀tí, mà. Ibẹ̀ yẹn nìkan ló dọ̀tí."

"Iyanrìn inú rẹ̀ ńkọ́?"

Ó gbà á padà, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì sórí táìlì funfun rẹ̀. Màmá dá ẹ̀rọ dúró láti wò ó. Ọkọ rẹ̀ kò sáré mú àkísà. Ó gbá iyanrìn náà jọ sínú bébà kan, ó ká a, ó sì gbé e fún Alága. "Bí ẹ bá ń kọjá, mà, ẹ bá mi dà á sétí òkun. Ibẹ̀ ló ti wá."

Alága di bébà náà mú bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún. Ó yí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń wá ọ̀dà náà, kò rí i.

"Ó ti lọ, àbí?" ló béèrè.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣí ìgò orí káńtà, ó ki àkísà ọlọ́dà náà mọ́ inú irun búlúù, ó sì dé e padà.

"Rárá, mà," ló wí. "Ó wà níbí."